Ta Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnì Ọkùlíìnà?

Ìwọ tí o jókòó sídìí iná yìí, ṣé o ti fọwọ́ kan irin tó sùn síta nínú òtútù rí, kó sì gbóná bí ikùn màlúù? Ọkùlíìnà ti fọwọ́ kàn án. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. N kì í yá ẹnu ẹlòmíì purọ́.

Ilẹ̀ Yàkútì ni, ní àríwá ayé lọ́hùn-ún, nínú oṣù Kìíní, tí itọ́ máa ń dì kó tó balẹ̀. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ níbẹ̀, òtútù ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ṣe ni wọ́n ń fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa dún mọ́jú, wọn a sì fi aṣọ onírun tó nípọn bo bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni bo ọmọ.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo, àgbàlagbà ọkọ̀, ló wà nílé Ọkùlíìnà. Kúnẹ́ì, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti wọ oṣù tí yóò bímọ. Wákàtí mẹ́ta ni ilé ìwòsàn, lórí odò tó ti di yìnyín. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kọ̀, bí àkọ́bí wọn ṣe lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọkùlíìnà ta jí. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ́ńjìnì ló jí i.

Ó jáde. Èémí rẹ̀ ń dì, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń da ìrẹsì sínú àwo. Kò sí ipa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ onírun.

Ó gbóná.

Okùn aṣọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ so lánàá, wọ́n ti fi irun ìrù ẹṣin tún un so, kókó mẹ́ta. Ó tú u. Ó fi irun náà sápò. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́ta léraléra.

“Dulusitáànì, ìwọ ni!” Kúnẹ́ì ké mọ́ ọkọ rẹ̀. “Ahun! Pẹtiróòlù ṣọ̀wọ́n fún ẹ ju ìyàwó lọ.”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń sùn bíi béárì? Bóyá ìwọ lò ń rìn lójú oorun.”

“Pẹ̀lú ikùn yìí? Ilẹ̀kùn gan-an ò gbà mí mọ́.”

“Màámi, ẹ ò gbọ́ ẹnu ìyàwó yín?”

“Mo gbọ́. Ẹ jẹun.” Ọkùlíìnà ju àkàrà tó kọ́kọ́ dín sínú ààrò, bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ iná níbẹ̀. Iná náà ta pàrà. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Dulusitáànì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa, ó so kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọrùn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Kúnẹ́ì fi figbe ta. Ó ti ń rọbí. Dulusitáànì sáré síta, ó sì padà wọlé pẹ̀lú omijé tó ti dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Màámi, ọkọ̀ ti kú! Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ó sì ti kú!”

“O fọwọ́ kàn án?”

“Hẹ̀n?”

“Lọ fọwọ́ kàn án, ọkọ mi.”

Ó lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Ọkùlíìnà mú Kúnẹ́ì jáde, ọwọ́ Dulusitáànì ṣì wà lábẹ́ aṣọ onírun. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ dáhùn.

Lórí odò, Kúnẹ́ì di ìyakọ rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irun ẹṣin nínú àpò ìyá náà.

“Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Màámi. Ta ló ń pa á?”

“Ẹni tí kò lè fara da kí ẹ́ńjìnì máa jó epo lásán. Ogójì ọdún ló fi ń kùn sí i, irun ẹṣin ló sì máa ń fi so nǹkan. Á pa á, á wá fi ara ẹ̀ bò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi ni mo fà á. Mò ń bọ́ iná lọ́jọ́ kan, mo ní epo ń tán, ọmọ ń bọ̀. Mo sì pe orúkọ.”

Dulusitáànì ò yíjú padà. Nílé wọn, wọn kì í pe orúkọ òkú kí ọdún tó yí po.

“Orúkọ ta ni, Màámi?” Kúnẹ́ì tún bi í.

Lára gíláàsì ẹ̀yìn, yìnyín ń yọ́ láti ìta, níbì kan ṣoṣo. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọkùlíìnà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e láti inú. Ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá yín ni,” ó wí. “Bahiláì.”