Àwo Àlejò

Bọ́ọ̀lù ló so Gesine Pagel àti Torsten Kröplin pọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, Gesine, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, fò sókè lẹ́bàá àwọ̀n ní gbọ̀ngàn ìdárayá ìlú Schwerin ní Ìlà Oòrùn Jámánì, ó fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà sì lọ bá àtẹ búrẹ́dì tí Torsten ń gbé wọlé. Búrẹ́dì méjìlélógójì fọ́n ká ilẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Kí ni búrẹ́dì mi fi ṣe yín?"

"Ọ̀nà bọ́ọ̀lù ló dúró sí. Ẹ má bínú."

Wọ́n jọ ṣà á. Nígbà tí Gesine nà ró, orí Torsten kò kọjá èjìká rẹ̀.

"Háà, àkàbà rèé!" Láti ọjọ́ náà ni Torsten ti ń pè é ní Àkàbà mi.

Ìyá Torsten, tó ni ilé búrẹ́dì, kò rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ilé bá jókòó ti kéèkì, àwo búlúù ni wọ́n fi ń jẹun. Gesine nìkan ni wọ́n ń gbé àwo funfun kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ fún.

"Àwo àlejò nìyẹn," ni Màmá wí. "Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kiri, tó ń fi bọ́ọ̀sì ṣe ilé, àlejò ni."

Ó dun Gesine dé egungun.

Lẹ́yìn tí ògiri Berlin wó, tí ọ̀nà òkèèrè sì ṣí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ítálì ránṣẹ́ pè é. Torsten kò lè bá a lọ: eruku ìyẹ̀fun ti ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ̀ jẹ́, òun nìkan ló kù nídìí ààrò.

"Máa lọ, Àkàbà mi. Tí o bá dúró nítorí mi, o máa kórìíra mi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Aṣebúrẹ́dì ni mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ohun tó ń wú."

Torsten dúró fún ọdún mẹ́fà. Gesine wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ní 1996, iṣan orúnkún ọ̀tún rẹ̀ já. Ó fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, bọ́ọ̀lù sì parí. Torsten wọ ọkọ̀ ojú irin lọ mú un wálé.

"Ṣé wàá fẹ́ àkàbà tó ti kán?"

"Èyí tó kán yìí lọwọ́ mi tó orí rẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Màmá ní òun kò ní wá síbi ìgbéyàwó náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, àwọn aládùúgbò kó àwo wá fọ́ sẹ́nu ọ̀nà, bí àwọn ará Jámánì ti ń ṣe, kí ìyàwó àti ọkọ lè jọ gbá àfọ́kù rẹ̀. Gíláàsì nìkan ni èèwọ̀. Àjálù ló ń fà. Lójijì ni Màmá yọ, ó di nǹkan kan sínú aṣọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gíláàsì ni?" ni Torsten bi í.

"Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

Ó tú aṣọ náà. Àwo funfun ni, èyí tí etí rẹ̀ ṣẹ́. Ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ka ọmọ yìí sí àlejò," ni ó wí. "Ó tó."

Gesine mú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Tọkọtaya nìkan ló yẹ kó gbá a, ṣùgbọ́n Màmá ti kúnlẹ̀.

"Ìwọ máa gbá a bọ̀. Èmi á máa kó o."

Ọdún kọkànlá rèé tí Màmá ti kú. Tí Gesine bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ìsinmi láti kó àwo búlúù, ọwọ́ rẹ̀ máa ń kan àyè kékeré kan lápá òsì, níbi tí àwo funfun náà ń wà tẹ́lẹ̀. Kò tíì gbé nǹkan kan síbẹ̀ rí.