Òróró Tí Ìyá Dà Sínú Bíréèkì

Omi ni Ọlásúnkànmí fẹ́ dà sí táyà mọ́tò rẹ̀ tó ń rú èéfín lẹ́bàá títì ní Igbó-Elérin, nígbà tí ohùn obìnrin kan dá a dúró.

"Ẹ má da omi sí i, bọ̀dá. Irin tó gbóná báyẹn, tí omi tútù bá kàn án, sísán ló máa sán."

Ó yíjú padà. Ọmọbìnrin kan ló rí nínú aṣọ iṣẹ́, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ bíréèkì ló kọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ náà nìkan ló sì ń ṣe. Ó gbé mọ́tò náà sórí jáàkì, ó fọwọ́ yí táyà, kò yí. Wáyà bíréèkì ọwọ́ ló ti dípẹtà, tó di táyà mú tí kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Kó tó parí iṣẹ́, ọkàn Súnkànmí ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mọ́tò tí Súnkànmí fi ń kó búrẹ́dì láti Ìjànikin lọ sí Òkokomáìkò kò yéé ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Mọ́tò ò ṣàìsàn o, ẹni tó ń wà á ló ń ṣàìsàn. Morádéyọ̀ mọ̀.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "tó o bá fẹ́ rí mi, máa bọ̀. Jẹ́ kí mọ́tò sinmi."

Nígbà tí Súnkànmí ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Ìyá ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀.

"Ọmọbìnrin tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ mọ́tò kò ní di ìyàwó ilé mi."

Súnkànmí bẹ̀ títí, ó sú u. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé ìyàwó tí ìyá rẹ̀ kò lọ́wọ́ sí. Ìbànújẹ́ bá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbé mọ́tò jáde nílé wọn ní Ìba. Ó tẹ bíréèkì lẹ́nu géètì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dì pa. Kò sí ẹlòmíì tó lè pè ju Morádéyọ̀ lọ. Ìyá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń wọlé.

Kò kánjú. Ó kí wọn lórí ìkúnlẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lẹ́yìn táyà, omi bíréèkì tú jáde, táyà sì yí fàlàlà. Ó wá ṣí ike tí omi bíréèkì ń wà. Òróró léfòó lórí rẹ̀, ó ń ta sánsán. Ó gbójú sókè, ojú òun àti ìyá ṣe mẹ́rin. Ìyá gbé ojú tiwọn sílẹ̀.

"Kí ló ṣe é, Ayọ̀ mi?" Súnkànmí bi í.

"Rọ́bà inú ẹ̀ ló wú. Tó bá ti wú, bíréèkì á mú, kò ní lè tú sílẹ̀. A máa fọ gbogbo páìpù, ká pààrọ̀ àwọn rọ́bà."

"Kí ló mú un wú?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bá mi mú sípánà yẹn."

Ṣùgbọ́n Súnkànmí mọ òórùn yẹn, ìgò òróró náà wà níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu ni Morádéyọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó mú sípánà fún un. Ọmọbìnrin tí wọ́n kọ̀ rí ohun tó lè fi dójú ti ẹni tó kọ̀ ọ́, ó sì gbé e mì. Ìfẹ́ rẹ̀ tún kún ọkàn Súnkànmí sí i.

Ìyá dìde, wọ́n súnmọ́ wọn.

"Morádéyọ̀." Wọn kò pe orúkọ náà rí. "Èmi ni. Ọmọ mi ló fi ibẹ̀ hàn mí, pé ibẹ̀ ni omi tó ń dá mọ́tò dúró wà. Mo bá da òróró àdúrà síbẹ̀, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ mi lọ́nà. O mọ̀, o ò sì tú àṣírí mi."

"Ẹ má bínú, mà. Orí ọmọ yín ni kẹ́ ẹ máa fi òróró pa. Bíréèkì, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Mo ti fi sílẹ̀ fún ẹ," wọ́n ní. Wọ́n wá kọjú sí Súnkànmí. "Tó bá ṣe tán, bá a délé. Bi bàbá rẹ̀ pé ọjọ́ wo ni ká wá tọrọ rẹ̀."