Àwọ̀ Tí Bàbá Rí

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mọ ilé náà, mo mọ bàbá náà, mo sì ti mu omi tútù nínú pálọ̀ wọn rí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ẹ bi mí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọlọ́wọ́-aró, torí pé àwọ̀ aró kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Bó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bó fi òkúta ha á, pàbó. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún wọn níléèwé a máa wo ọwọ́ náà, a ní, "Ta lo tún fún lọ́rùn pa lónìí?" Òun náà a sì dáhùn pé òun ò tíì rí ẹni tó tó fún lọ́rùn.

Bàbá rẹ̀ ló jẹ́ kó fẹ́ràn aṣọ. Télọ̀ ni bàbá náà kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ojú ọ̀hún ò fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, títí gbogbo rẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn, eyín iwájú ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò ni, òmíràn ò sì tíì hù. Ojú yẹn náà ló wà lọ́kàn rẹ̀ títí ọmọ fi di ọmọge. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Aláìléyín.

"Aláìléyín, ìwọ tó o ní o fẹ́ gboyè yìí, ṣé eyín ọ̀hún ti wá hù báyìí?"

"Ó ti hù, Bàbá. Ó ti pẹ́."

"Èmi ò rí i o. Kí n tó gbà, kí n rí i."

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tí bàbá bá rẹ́rìn-ín tán, a wá rọra ní, "Kí n ṣáà rí ọ lẹ́ẹ̀kan péré." Ó máa ń dun ọmọ náà dé egungun. Aṣọ tó bá hun, tó bá rẹ láró, ilé ló máa ń gbé e wá. Bàbá á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra á, á ní èyí fẹ́lẹ́, á ní ìyẹn dà bíi pé o kánjú hun ún. Bàbá kì í purọ́ fún un lórí ìkankan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni iṣẹ́ ọmọ náà gan-an, àwọ̀ sì ni bàbá ò lè rí.

Ìkòkò aró ńlá kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ níléèwé. Wọn kì í dà á nù. Bí aró inú rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, wọ́n á bu tuntun lé e. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá tó ń kọ́ wọn tó dé iléèwé náà, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò náà mọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Aró máa ń hó, ìhó rẹ̀ á sì léfòó sójú ìkòkò. Kí o tó ri aṣọ bọ inú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ kó ìhó yẹn kúrò, kó o tọ́jú rẹ̀ sínú abọ́, kó o sì dá a padà tó o bá ṣe tán. Bí aṣọ bá kan ìhó, àbàwọ́n ni yóò fi jáde. Ọ̀gá wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Aró, ti sọ ọ́ títí ó ti sú wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, òjò ń rọ̀. Gbogbo àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ọlọ́wọ́-aró nìkan ló kù nídìí ìkòkò, ó gbé aṣọ àṣekágbá rẹ̀ dání. Funfun báláú ni. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Bó ṣe fẹ́ kó ìhó ni fóònù rẹ̀ dún. Ó fi èjìká há a mọ́ etí.

"Aláìléyín, níbo lo wà?"

"Mo wà nídìí aró, Bàbá. Aṣọ àṣekágbá mi ni mo fẹ́ rẹ."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọjọ́ ti pé nìyẹn. Báwo ló ṣe rí?"

"Kò tíì rí báyìí báyìí. Funfun ni."

"Bá mi wò ó dáadáa o. Ṣebí ojú rẹ ni mo fi ń wòran."

Ó rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ti ri aṣọ bọ inú ìkòkò, tòun tìhó.

Ìgbà tí bàbá pa fóònù tán ló tó rí ohun tó ṣe. Òjò ti dá. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ó yára fa aṣọ náà sókè, kò sì wá. Ó tún fà á. Ó wúwo, bí ẹni pé ẹnì kan di etí kejì mú nísàlẹ̀. Ó dúró. Ìgbà tó ṣe, ẹni yẹn jọ̀wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àgbà ṣe ń jọ̀wọ́ nǹkan fún ọmọdé.

Aṣọ náà jáde, ó ní àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀, bí gbogbo aṣọ aró ṣe máa ń rí kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di búlúù. Kò ní àbàwọ́n kankan. Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, kò rí nǹkan. Búlúù lásán ni. Ó ní orí bá òun ṣe é, ó sì sá a.

Nígbà tó gbẹ, ó gbé e wálé. Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn télọ̀ àdúgbò. Iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣáà mọ ọ̀nà. Ọmọ náà ju aṣọ sí èjìká, ó wọlé, kò tíì kí i.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

"Kí lo gbé kọ́ èjìká yẹn?"

"Bàbá, kí lẹ wí?"

"Nǹkan búlúù yẹn. Dúró. Má rìn."

Ọmọ náà sún sí ọ̀tún, ojú bàbá tẹ̀ lé e. Ó sún sí òsì, ó tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé bá wọn, ó ní irú kátikàti wo lèyí. Ó lọ gbé aṣọ ibùsùn búlúù wá láti yàrá, ó nà án síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí lò ń nà sí mi?" ni bàbá wí. "Èmi ò rí nǹkan kan."

Ti ọmọ rẹ̀ nìkan ló rí. Òkùnkùn ni gbogbo ibi yòókù, aṣọ yẹn nìkan ló hàn láàárín rẹ̀. Ọmọ náà wá fi aṣọ bo orí, ó fà á mọ́ ojú típẹ́típẹ́. Bàbá dìde. Ó sún mọ́ ọn. Ó rí iwájú orí, ó rí àgbọ̀n.

"Háà! Imú ìyá mi ló wà lójú ẹ! O ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Bàbá, ta ló máa ń ròyìn imú ara ẹ̀ fún èèyàn?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Aláìléyín mọ́.

Ilé náà dùn ní àkókò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ lọmọ ń wálé. Á ró aṣọ náà, á máa rìn kiri pálọ̀, bàbá á máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Ìyá ọmọ náà a ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn jàre. Nǹkan kékeré bíi mélòó kan ṣẹlẹ̀, wọn ò kà á sí. Nígbà kan, ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń gé òwú etí aṣọ náà, bàbá sì kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹsẹ̀ rẹ yá o. O ti débẹ̀?" Ọmọ náà rò pé ojú bàbá ló rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọ náà dúró síwájú bàbá, bàbá ní, "Kí ló dé tó o tún fi ń dúró sẹ́yìn ara ẹ?" Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ àṣekágbá kì í padà sílé. Tí olùdánwò bá ti wò ó tán, ti iléèwé ni títí ayé. Ẹni tí kò bá fi aṣọ sílẹ̀ kò ní gboyè. Ọmọ náà gbìyànjú láti rẹ òmíràn. Ó ri aṣọ bọ inú ìhó. Ó ní kí bàbá pe òun lórí fóònù, ó sì rẹ́rìn-ín síbi tó ti rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n ni gbogbo rẹ̀ fi jáde, bàbá ò sì rí ìkankan níbẹ̀. Ó wá lọ bá Ọ̀gá Aró, ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń sunkún.

Ọ̀gá Aró fọwọ́ kan aṣọ náà.

"Ṣé o kó ìhó kúrò kó o tó rì í?"

"Rárá, Mà."

Obìnrin náà yíjú sí ìkòkò. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má bínú, ọmọ mi. Òfin lòfin. Fi aṣọ sílẹ̀."

Ọmọ náà délé, ó ní òun ò gboyè mọ́, kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí wọn pamọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ṣé torí kí n lè máa wòran ni mo ṣe rán ọ níléèwé ni?"

"Bàbá, ẹ ò ní rí mi mọ́."

"Mo ti rí ọ. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Lọ fi aṣọ sílẹ̀, o jàre."

Ó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìpàtẹ, wọ́n gbé e kọ́ sókè ògiri, láàárín ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùdánwò dúró níwájú rẹ̀, ó mi orí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó yege, kì í ṣe ìyege àbọ̀ o, yíyege gidi ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè. Bí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo yege o!"

Bàbá ní, "Ta nìyí?"

"Họ́wù! Èmi ni."

"Ìwọ bíi ti báwo? Níbo lo wà?"

"Iléèwé ni. Iwájú aṣọ náà ni mo dúró sí."

Ọmọ náà ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń mí. Ó ń gbọ́ aago ara ògiri ilé wọn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn bàbá, ó jìn díẹ̀, bí ẹni gbé ẹnu kúrò nídìí fóònù. "Ó ní òun wà níléèwé."

Kò sẹ́ni tó fèsì.

"Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Láti ọ̀sán lo ti jókòó síwájú mi pẹ̀lú aṣọ yẹn. Mo tiẹ̀ ti ń bínú pé o ò kí mi."

Ọmọ náà gbójú sókè. Aṣọ wà lára ògiri. Kò mira.

Kò dúró gba oúnjẹ ìpàtẹ. Ó sáré délé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ò sí nílé, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹnì kan ti fa àga kan wá síwájú rẹ̀. Òórùn aró gba gbogbo pálọ̀.

"Bàbá."

Bàbá na ọwọ́ sí ibi tí ohùn ti wá, sínú òkùnkùn tirẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé ojú fún un. Bàbá fọwọ́ wá imú, ó wá ẹnu, ó fi ìka kan eyín iwájú.

"Ìwọ nìyí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Aláìléyín. Ìwọ gan-an nìyí."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà.

"O kú oríire, ọmọ mi. Inú mi dùn. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn." Òótọ́ ni, ó hàn lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹni yẹn ńkọ́?"

Bàbá yí ojú sí àga náà. Bó ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rẹ́rìn-ín. "Kì í sọ̀rọ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Imú ìyá mi lòun náà ní. Ó kàn ń wò mí, èmi náà ń wò ó."

Ọmọ náà dìde, ó fi ọwọ́ wá àga náà lẹ́yìn rẹ̀ láti jókòó.

"Rọra o," ni bàbá wí. "Má jókòó lé e lórí."