Igi Tí Kò Jẹ Eérú

Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ wọ ọgbà olódòdó, ìbínú ló gbé e débẹ̀. Ó ní gbogbo òdòdó tí òun gbìn sẹ́yìnkùlé bàbá òun ló ti kú, pé igi ńlá kan ló ṣíji bo ibẹ̀.

"Igi òdòdó kamẹ́líà ni kẹ́ ẹ gbìn," ni olódòdó wí. "Abẹ́ ìbòòji ló ń gbádùn. Àmọ́ ó lágídí díẹ̀."

"Á jẹ́ pé a ó mọwọ́ ara wa," ni aránṣọ fèsì. Àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín.

Olódòdó gbin igi méjì síbẹ̀, ló bá ń wá wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbà mí, igi tí ara rẹ̀ le, kí ló ń fi dókítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe? Ìfẹ́ aránṣọ ti wọ olódòdó lọ́kàn. Nígbà tó yá, ó lọ bá bàbá aránṣọ, tó ń fi ààrò onígi ṣe búrẹ́dì, pé òun fẹ́ fi ọmọ wọn ṣaya.

Bàbá wò ó tẹsẹ̀ torí. "Ọmọ tí mo fi búrẹ́dì tọ́, ṣé ewé ni eléwé fẹ́ fi bọ́ ọ? Ó dáa. Bí igi rẹ bá tanná, padà wá. Bí ò bá tanná, jókòó sílé rẹ."

Ó dun aránṣọ wọra. Bàbá rẹ̀ kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Kò pẹ́ ni ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò. Olódòdó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ra iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. "Eérú ni. Kamẹ́líà ò sì fẹ́ eérú rárá."

Ààrò kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò. "Bàbá mi ń pa igi wa," ni aránṣọ wí. "Mò ń lọ bá wọn."

Olódòdó dì í lọ́wọ́ mú. "Olólùfẹ́ mi, dúró ná. Kí ni wọ́n ń dà sídìí ẹ̀fọ́ wọn?"

"Eérú."

"Ẹ̀fọ́ náà ńkọ́?"

Ẹ̀fọ́ náà ń tutù yọ̀yọ̀. Ó wá yé aránṣọ: bàbá tí kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ló ń yọ́ bọ́ igi náà, kó lè tanná. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Olódòdó wa iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, ó kó tuntun sí i, ó wá tọ bàbá lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa ṣọ́ igi yìí. Ewé tó ti jẹrà nìkan ló ń jẹ." Kò mẹ́nu ba eérú. Bàbá wúkọ́, ó ní òun ti gbọ́. Orí aránṣọ wú. Ọkùnrin tó bo àṣírí bàbá òun ni òun fẹ́ fẹ́.

Nígbà òtútù ọdún kejì, kí aránṣọ tó wọṣọ tán láàárọ̀, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń pe oníbàtà tó múlé tì wọ́n. Òdòdó píǹkì ti bo igi méjèèjì.

"Ẹ wá wò ó. Àna mi ló gbìn ín."

Àna mi. Eléwé àná ti di àna lónìí.

"Ta ló wá ń tọ́jú rẹ̀?" ni oníbàtà bi í.

"Èmi ni," ni bàbá wí, ó gbé àyà síwájú. "Eérú nìkan ni kì í jẹ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí. Ó mú aṣọ ìgbéyàwó píǹkì tó ti gé sílẹ̀ láti èṣí jáde, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.