Ìdí Tí Góòlù Kò Fi Wọlé

"Kóòṣì ni! Mo ní Kóòṣì ni!" Atọ́kùn ju bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wọn. "A ti gbá a títí ó ti sú wa, góòlù ẹyọ kan ò wọlé!"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o," Géètì, ọmọbìnrin gíga tó jẹ́ aṣọ́lé, tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́nu góòlù, dá a lóhùn. "Ṣé Kóòṣì ló ní kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ bá àwọn ẹyẹ lókè? Ẹni tí kò mọ ijó í jó ló ń sọ pé ilẹ̀ ò tẹ́jú."

Àríyànjiyàn gbóná nínú yàrá ìmúra. Àwọn kan ní ọgbọ́n Kóòṣì ti tán. Àwọn mìíràn ní kò sí alásè tó lè fi omi lásán se ọbẹ̀ aládùn. Nígbà tó yá, gbogbo ojú yí sí Mànàmáná, ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé láti gbá góòlù wọlé.

"Ìwọ lo wà níwájú," Atọ́kùn wí. "Sọ ọ́ ká gbọ́."

Láti ọjọ́ tí aṣọ́lé ẹgbẹ́ mìíràn kan ti fi orúnkún gbá Mànàmáná láyà, tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà, ni jìnnìjìnnì ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ti rí aṣọ́lé tó ń sáré bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, á sì gbá bọ́ọ̀lù dànù kí ara má baà kan ara. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pàápàá. Ta ni yóò gbọ́ pé Mànàmáná ń sá tí kò ní rẹ́rìn-ín?

"Kóòṣì ló ní kí n má máa dé ẹnu góòlù," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní òkèèrè ni kí n ti máa gbá a."

"Ẹ ò rí i!" Atọ́kùn pariwo.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù ìyá Mànàmáná tó jẹ́ aránṣọ. Ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ṣé òótọ́ ni pé ọkùnrin yẹn ló ń dí ọ lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Irọ́ kan ti di méjì. Láti ṣọ́ọ̀bù náà ló ti tàn káàkiri ìlú.

Nígbà tí wọ́n tún pàdánù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rẹfirí ò tíì fọn fèrè tán tí àwọn èrò fi ya wọ pápá. "Kóòṣì dà? Ẹ mú un wá!" Kóòṣì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó tún ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ti àwọn ọmọbìnrin náà sínú yàrá ìmúra, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Òkò ń rọ̀ sórí páànù bí òjò. Gíláàsì fèrèsé fọ́ yángá. Nígbà tí Mànàmáná gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú Kóòṣì.

"Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!" ó wí. Lẹ́yìn náà ló wo Mànàmáná. "Ìgbà wo ni mo ní kí o má dé ẹnu góòlù?"

Bí Mànàmáná bá sọ̀rọ̀, àwọn ará ìta lè yí òkò sí òun. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè pa ọkùnrin yìí. Ó rákò dé ibi fèrèsé.

"Irọ́ ni mo pa!" ó figbe ta. "Kóòṣì ò sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rù ló ń bà mí! Aṣọ́lé ló ń dẹ́rù bà mí!"

Òkò kan tún kan ògiri. Lẹ́yìn náà, ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Láàárín èrò, ó rí ìyá rẹ̀ tó káwọ́ lérí.

Wọ́n rán ìpéǹpéjú Kóòṣì nílé ìwòsàn. Ilé ìwé ní Mànàmáná ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn mọ́ títí sáà náà yóò fi parí. Atọ́kùn kì í kí i. Nígbà tí Mànàmáná lọ kúnlẹ̀ bẹ Kóòṣì, ọkùnrin náà ní kó dìde.

"O ṣẹ̀ mí gan-an," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ojú rẹ. Ká ní mo bi ọ́ léèrè ni."

Géètì ló ń bá Mànàmáná lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù lákọ̀ọ́kọ́. Mànàmáná á kàn máa rìn lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu góòlù. Lọ́jọ́ mìíràn á dúró láàárín ọ̀nà, á ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Géètì á ní, "Mo gbọ́. Rọra máa bọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀gàn. Èyí tí a bá sọ jáde, a máa fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ẹ̀rù ara rẹ̀ di ẹrù, tó gbé e ru aláìṣẹ̀, kó mọ̀ pé òkò ló gbé lé aráyé lọ́wọ́.