Òkìtì Ọkà Kẹta

Òkìtì ọkà bàbà mẹ́ta ló máa ń wà lórí iyanrìn lẹ́yìnkùlé Kúbúrá láràárọ̀. Ẹyẹ a bo méjì nínú wọn. Ẹ̀gà a máa jà lé e lórí, ológoṣẹ́ a máa já tiwọn gbà, àdàbà a sì máa rọra ṣa tirẹ̀ létí létí. Ṣùgbọ́n òkìtì kẹta, ẹyẹ kan kì í fi ẹnu kàn án. Wọ́n a dé ẹ̀bá rẹ̀, wọ́n a dúró, wọ́n a sì yà fún un bí ẹni tó ń yà fún ẹni tó sùn. Ọkà kan náà ni, inú àpò kan náà ló ti wá, ọwọ́ kan náà ló sì dà á sílẹ̀.

Òkìtì tí ẹyẹ kì í jẹ yìí gan-an ni ayọ̀ Kúbúrá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ kó tó kú. Nínú agboolé wọn ní Pobè, wọ́n gbà pé sàráà tí ẹyẹ bá jẹ ló ń tètè dé ọ̀dọ̀ òkú. Kí o tó da ọkà sílẹ̀, wàá ṣe bísímílà, wàá pe orúkọ olóògbé, wàá sì pe orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń mọ èèyàn lọ́hùn-ún. Màmá náà sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbóhùn sókè: “Ẹyẹ kì í jẹ orúkọ alààyè, Kúbúrá. Má dán an wò o.”

Kúbúrá dán an wò.

Ó ti di ọdún méjì tí Wàsíù, ọmọ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà, ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Calavi sílẹ̀, tó sì gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sókè òkun. Ohùn rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ṣì wà nínú fóònù Kúbúrá: “Màmá, lọ́la la máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà rì. Àwọn kan ní wọ́n kó wọn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí Ràṣídì ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àdúrà òkú, Kúbúrá jí lọ́jọ́ kejì, ó da òkìtì kan fún ìyá tirẹ̀, ó da ọ̀kan fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó wá bu ọkà fún ẹ̀kẹta. Ó pe orúkọ ẹni tó ni ín.

“Wàsíù ọmọ Kúbúrá.”

Ẹyẹ kò jẹ ẹ́. Kúbúrá sunkún ayọ̀ títí ìborùn rẹ̀ fi rin. Ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdúrà òkú fún ọmọ òun níwọ̀n ìgbà tí òkìtì náà bá ṣì wà nílẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó jáde lọ sí ọjà Missèbo níbi tó ti ń ta aṣọ, á fọ abọ́ tánganran tí àwọn ẹyẹ fi ń mumi, á gbé òkúta sáàárín rẹ̀ kí àwọn kéékèèké lè rí ibi dúró sí, á sì lé ológbò kúrò lórí ògiri. Ìyá Adélékan, aládùúgbò rẹ̀, a máa yọjú lókè ògiri náà.

“Ìyá Wàsíù, ẹyẹ yín sanra ju ọkọ mi lọ o!”

“Ẹ mú un wá. Ọkà ṣì kù.”

“Háà, á jẹ ẹyẹ mọ́ ọkà ni!”

Wọ́n a rẹ́rìn-ín. Ràṣídì tó ń fọ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, Kúbúrá a gbá òkìtì kẹta jọ sínú ike, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ wálé ló ń ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Àbdùlàhí, ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, dé láti Pobè. Ó bá wọn lẹ́yìnkùlé. Kúbúrá kúnlẹ̀ kí i, ó sì ti mọ ohun tó gbé e wá.

“Ìyàwó wa,” Àbdùlàhí wí jẹ́ẹ́, “bí ọmọ yẹn bá ti lọ, àdúrà rẹ̀ la fi ń dù ú yìí. Kò dáa bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ fi ojú ara yín rí i.”

Ó jókòó. Ọkọ̀ òfurufú kan gbéra ní pápákọ̀ tó wà nítòsí, fèrèsé gbọ̀n, àmọ́ ẹyẹ kankan kò fò. Wọ́n jẹ òkìtì méjì tán. Wọ́n yà fún ẹ̀kẹta. Àbdùlàhí tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

“Kí lo pè sí i?”

“Wàsíù ọmọ Kúbúrá.”

Ràṣídì dorí kodò.

“Kúbúrá,” Àbdùlàhí wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an, “ta ló bí Wàsíù?”

Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti béèrè irú ìbéèrè yẹn gbẹ̀yìn. Ràhámátù ló bí i, ìyálé Kúbúrá. Ẹ̀jẹ̀ ló dà títí tó fi kú, kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Kúbúrá, tí kò bímọ rí, tí kò sì bí títí dòní, ló gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta náà pọ̀n. Òun ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ fún ọmọ láé. Ó pẹ́ débi pé òun gan-an kò rántí mọ́. Nínú gbogbo ọkà tó ti dà nílẹ̀ yìí, kò da ẹyọ kan fún Ràhámátù rí.

“Èmi ni ìyá rẹ̀,” ló wí.

“Ìwọ ni. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ń pè fún àwọn ẹyẹ yìí kò kú, nítorí a kò bí i rí.”

Kúbúrá yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Wàsíù, ṣé ẹ mọ̀?”

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́,” Ràṣídì wí. “Mo rí bí inú rẹ ṣe dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ọ́.”

Kúbúrá gbá òkìtì kẹta jọ, ó bu ọkà mìíràn. Ẹnu rẹ̀ kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó jàjà jáde, ó rẹlẹ̀ débi pé àwọn ọkùnrin méjèèjì kò gbọ́ ọ.

“Wàsíù ọmọ Ràhámátù.”

Àwọn ẹyẹ gbọ́. Ariwo wọn dá lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe da ọkà náà sílẹ̀, àdàbà kan ló kọ́kọ́ rìn wá, ó tẹ orí, ó sì ṣa ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dé. Ẹ̀gà kò jà. Ológoṣẹ́ kò já. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí iyanrìn fi mọ́ láú. Wọ́n gbéra lọ́wọ̀ọ́, wọ́n sì kọjú sí òkun.

Ràṣídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kúbúrá wà lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Wọ́n ṣe àdúrà. Ìyá Adélékan wá bá a jókòó, kò ṣe àwàdà kankan. Lọ́jọ́ kan, Ràṣídì fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ láti inú yàrá, ó ní, “Ìyá…” ó sì dákẹ́.

“Ẹ pè é parí,” Kúbúrá wí.

“Ìyá Wàsíù.”

“Mò ń bọ̀.”

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó padà sẹ́yìnkùlé. Ó da ti ìyá tirẹ̀ àti ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó da ti Wàsíù bó ṣe yẹ kó pè é, ó sì da ti Ràhámátù. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyẹn. “Ìyálé mi, mo tọ́ ọmọ wa. Agbára mi ló mọ bẹ́ẹ̀.” Àwọn ẹyẹ jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó ṣe fẹ́ dìde, ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó bu òmíràn, ẹnu rẹ̀ sì pe orúkọ tó ti mọ́ ọn lára. “Wàsíù ọmọ Kúbúrá.” Àwọn ẹyẹ yà fún un. Ó wọlé lọ mú ìgbálẹ̀.

Nígbà tó padà dé, kò sí ẹyẹ kankan mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan òkìtì náà ti jìn wọnú. Wọ́n ti bù ú. Ojú ìka márùn-ún wà nínú rẹ̀, kéékèèké, ìka ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kò sí ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Díẹ̀ nínú ọkà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, itọ́ ṣì wà lára rẹ̀, bíi pé wọ́n fi sẹ́nu tí wọ́n sì tu ú dà nù.

Kúbúrá wò ó. Ó rántí ẹni tí Àbdùlàhí ní a kò bí rí. Kò pe ọkọ rẹ̀. Ó rọra fi ìgbálẹ̀ ti ògiri kí ó má baà dún.

Ọkà tí a kò sè le jù fún ẹnu tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé omi kaná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ògi bàbà sínú abọ́ kékeré kan.