Ọmọ Tó Ń Yẹ Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Wò

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ikọ́ yín o! Àbí eruku lẹ gbé mì ni?"

Abẹ́rẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Inagijẹ rẹ̀ nìyẹn, torí ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun àti Ìyá Aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù jọ ń ránṣọ nínú yàrá kan. Ọmọ ọwọ́ Abẹ́rẹ́ máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kì í ṣí fèrèsé, kí eruku títì má baà ba aṣọ funfun àwọn oníbàárà jẹ́.

"Owú aṣọ ló há mi lọ́fun," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn.

Ó mọ̀ pé kì í ṣe owú. Ó ti mu oògùn ikọ́ ìgò kan tán, ó ti ṣí èkejì. Tó bá sùn, òógùn á bò ó bí ẹni tí òjò pa. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbé aṣọ fún aránṣọ tó ń wúkọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin yà kí i. Yàrá àyẹ̀wò ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn ló ń yẹ̀ wò.

"Oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa dé o!" ni Abẹ́rẹ́ fi kí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ojú sì ti ìyá rẹ̀ díẹ̀.

Ni ikọ́ bá tún gbé ìyá. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ.

"Màámi, ṣé ikọ́ yìí ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì?"

Ìyá tún dojú kọ aṣọ tó ń rán.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn gbogbo ayé, ẹ ò rí i pé ẹ̀wù yín ti tóbi jù yín lọ? Ẹ jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ."

"Ẹ̀gbẹ kẹ̀? Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?"

"Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sùn, Màámi. Kòkòrò kan ló ń gba inú afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn rẹ̀ wà."

Ìyá bojú wo ọmọ Abẹ́rẹ́ tó sùn fọnfọn. Ó dìde, ó wá ìborùn rẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́. Dókítà ní, "Ẹ má fòyà, ẹ ó gbádùn. Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣèwádìí bí àìsàn yìí ṣe ń ràn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa? Àwọn ló jẹ́ ká máa tètè wá àwọn tó ń bá aláìsàn gbé inú yàrá kan."

Orí ìyá wú. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Ọmọ mi ni o! Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, ẹ̀mí ló sì ń gbà là!"

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ èsì àyẹ̀wò náà fún Abẹ́rẹ́. Ìyẹn fa ojú ro.

"Ẹ̀yin lẹ kó o ràn mí?"

"Ó lè jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ ìwọ. Ìbínú ò lè wò ó. Gbé ọmọ, ká lọ."

Wọ́n bá a lára Abẹ́rẹ́ náà, àmọ́ kò tíì jinlẹ̀. Ara ọmọ rẹ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n sì fún ọmọ ní èyí tí yóò dáàbò bò ó.

Láìpẹ́, ikọ́ Ìyá Aránṣọ dáwọ́ dúró, ló bá fẹ́ pa oògùn tì. Ọmọ rẹ̀ kọ̀: "Kòkòrò tó sá pa mọ́ kò tíì kú." Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi lò ó, ara rẹ̀ sì mọ́ pátá. Ọ̀rá ni wọ́n ń fi bo aṣọ funfun báyìí, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi oògùn ìgò tàn án. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ mú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé lọ. Ẹ bo ẹnu tẹ́ ẹ bá ń wúkọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì lo oògùn yín títí dókítà yóò fi ní ó tó. Kò sí ìtìjú nínú àyẹ̀wò. Ẹni tó tètè mọ ohun tó ń ṣe é ló ń rí ìwòsàn.